Òórùn Tí Dígí Kò Gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Dígí, kó fi ìka kan nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Kò níí pariwo o. Yóò kàn wo ìka ọ̀hún, yóò wo ẹni tó ni ín, yóò wá bi í pé, "Ṣé ó ti gbẹ?" Ẹni tó bá ti jẹ ìbéèrè yẹn rí kì í dán an wò mọ́. Pẹ́ńtì ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ látìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù ú. Àwọn mẹkáníìkì ló sọ ọ́ ní Dígí, torí pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó bá kùn, èèyàn lè dúró níwájú rẹ̀ kó fi ya irun. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ṣì wà níbi tó wà, àmọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ló ń fi pè é, ìyẹn náà sì ni ìgbà tí inú bá ń bí wọn.

Nígbà tí àìsàn dá Màmá yìí dùbúlẹ̀, tí ẹsẹ̀ òsì wọn kò ṣe é gbára lé mọ́, Dígí fi ibi iṣẹ́ ńlá tó ti ń kun odidi ọkọ̀ sílẹ̀, ó padà wá jókòó sílé. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, àárọ̀ ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí Màmá á dì mú tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Dígí ní òun ni. Gbogbo èèyàn ń kí i pé ó káre, ọmọ gidi ni. Ó ń dáhùn pé ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tó fi wá sílé, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní fi yín ṣeré lórí ẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí ká lè jọ mọ ohun tí à ń wò: imú Dígí ti kú.

Kò gbọ́ òórùn mọ́. Kì í ṣe pé ó ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ o, kò gbọ́ rárá. Bóyá tínà, omi líle tí wọ́n fi ń po pẹ́ńtì, tó ti ń fà símú látìgbà èwe ló jẹ imú ọ̀hún ni, bóyá ọ̀fìnkìn burúkú kan tó ṣe é lọ́dún kan ló gbé e lọ ni, òun náà kò mọ̀. Ọjọ́ tó dá a lójú, ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ń so okùn bàtà rẹ̀, ó kẹ́yìn sí ìkòkò. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé láti ìta.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Kò sí nǹkan kan tó ń rùn," Dígí dáhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ìyàwó rẹ̀ ṣí ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀, oúnjẹ ti di èédú. Dígí ní òun ń ronú ni. Nígbà tí obìnrin náà jáde lọ da ìkòkò nù, ó gé àlùbọ́sà, ó gbé e símú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lọ ṣí agolo tínà, ó ki imú bọ̀ ọ́ títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ojú ń ta á, ọ̀fun ń ta á, imú ní tirẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ lè máa rò ó pé kí wá ni ẹni tó ń kun ọkọ̀ fẹ́ fi imú ṣe, ṣebí ọwọ́ àti ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Imú ló máa ń sọ fún un pé asẹ́ inú ìbòmú ti kún, pé kó pààrọ̀ rẹ̀. Imú ló máa ń sọ fún un pé atẹ́gùn ibi iṣẹ́ kò jáde mọ́, pé ẹnì kan gbàgbé láti dé agolo tínà, pé ẹlòmíràn sì ń bọ̀ tòun ti sìgá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ì bá gbé ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́n pẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọn ì bá ní kó máa fọ ọkọ̀. Kì í ṣe ìkà wọn o, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe náà nìyẹn. Dígí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, ló bá gbé ẹnu dákẹ́. Àìsàn Màmá wá fún un ní ọ̀nà láti fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìṣàlàyé. Ó ń sunkún ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ń dúpẹ́. Ìyẹn náà tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Yàrá kékeré kan wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kó àpótí sí. Dígí kó àwọn àpótí jáde. Ó kan igi mẹ́rin mẹ́rin pọ̀, ó fi náílọ́nù funfun bò wọ́n lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi téèpù lẹ gbogbo ojú rẹ̀ pa, ó wá di àgọ́ kan nínú yàrá. Iná tó fẹ́ máa fi ríran, ẹ̀yìn náílọ́nù ló gbé e sí, kí ooru gílóòbù má baà bá èéfín tínà pàdé. Fáànù tí yóò máa fa èéfín jáde, ojú fèrèsé ló fi í sí. Mọ́tò rẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà èéfín, ìta ló wà, bẹ́líìtì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ náà. Ó gé ihò sí ara ilẹ̀kùn, ó fi fóòmù dí i, kí atẹ́gùn tó bá ń wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ má kó eruku wá. Ó wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra. Ó fi wáyà ṣe ìkọ́ tó ń fi nǹkan kọ́, ó so wọ́n mọ́ igi ìgbálẹ̀ tó ti gbó.

Ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, ó sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ẹ ti kọ́ àgọ́ àjọ sínú ilé onílé. Ọjọ́ wo la máa bẹ̀rẹ̀ ìsìn?"

"Yọ bàtà rẹ kó o tó wọlé," Dígí fèsì, òun náà rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá ń fi ìmọ́tótó joyè, orí Dígí ni wọn ì bá dé adé sí. Bọ́ńpà ọkọ̀ kékeré, ìbòrí dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìbòrí táyà alùpùpù, ohunkóhun tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà ló ń kùn níbẹ̀. Ó sì ti wá ọgbọ́n dá sí ọ̀ràn imú rẹ̀. Ó lẹ òwú pupa kan mọ́ ara fóòmù ẹnu ilẹ̀kùn. Tí fáànù bá ń fà dáadáa, òwú náà á nà wọ inú àgọ́. Tí kò bá fà, òwú á rọ̀ sílẹ̀. Náílọ́nù náà ń jẹ́rìí: tí èéfín bá ń jáde bó ṣe yẹ, gbogbo ògiri náílọ́nù á fa ikùn mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ wọ ṣòkòtò tó fún un. Dígí á wo òwú, á wo náílọ́nù, á ní ó ti dáa, ojú òun ti ń ṣiṣẹ́ imú fún òun. Òfin kan tún wà nílé: tí ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń ti pẹ́ńtì jáde nínú ìbọn bá ti ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá iná. Ó máa ń ti gáàsì pa, ó sì máa ń kó ìṣáná ilé ìdáná sí àpò ara rẹ̀.

Ohun tí ojú rẹ̀ kò lè rí ni pé ẹnu fáànù kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, fèrèsé Màmá sì kọjú síbẹ̀ náà. Èéfín ń jáde lóòótọ́, ó sì ń yí ẹ̀yìn ògiri padà wá sí yàrá arúgbó.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kùn, Màmá pè é láti orí ibùsùn.

"Nǹkan kan ń rùn."

Dígí bọ́ ìbòmú, ó wá sí ẹnu ọ̀nà wọn, ó fa imú fín-ín fún ẹ̀tàn. Ó rántí òwú, ó rántí náílọ́nù. "Kò sí òórùn, Màmá. Gbogbo ẹ̀ ń gba ìta lọ."

Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n tún sọ ọ́, ó tún fún wọn lésì kan náà, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀. "Mo ti ní kò sí nǹkan kan, Màmá. Ṣé ẹ rò pé màá jẹ́ kí nǹkan ṣe yín ni?" Láti ọjọ́ náà Màmá kò sọ ọ́ mọ́. Wọ́n máa ń ti fèrèsé, wọ́n á fi ìborùn bo imú, wọ́n á kọjú sí ògiri. Tí Dígí bá yọjú, wọ́n á yára mú ìborùn kúrò. Ó sì ń rò pé ara wọn ti ń mókun.

Aránṣọ tó wà ní ilé kejì kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló dé ẹnu géètì ẹ̀yìnkùlé, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé kaba kan lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbóòórùn aṣọ yìí. Oníbàárà mi dá a padà. Ó ní òun ò lè wọ aṣọ tó ń rùn bí inú ọkọ̀ tuntun lọ síbi ìgbéyàwó."

Dígí gba kaba náà, ó gbé e símú, ojú rẹ̀ kò yí padà. "Òórùn wo?"

Aránṣọ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ẹ ò nímú ni?"

Aránṣọ kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bá òótọ́ tó. Dígí ṣe bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. Ó dá aṣọ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti géètì.

"Mò ń bá yín sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò," aránṣọ sọ láti ìta. "Tí òórùn yìí bá tún wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀kan péré, onílé ni màá pè. Ẹ sì mọ ohun tí onílé sọ nípa iṣẹ́ nínú ilé rẹ̀."

Dígí mọ̀ ọ́n. Onílé ti sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kó wọlé pé ilé ìgbé ni, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Tó bá ti gbọ́, àgọ́ di wíwó, bóyá kí àwọn pàápàá sì kó jáde. Tí àgọ́ bá sì lọ, ibo ni Dígí fẹ́ lọ ṣiṣẹ́? Ibi tí wọ́n á ti mọ̀ pé kò gbóòórùn? Kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Màmá náà kò sùn, torí fèrèsé wọn wà ní ṣíṣí nígbà tí aránṣọ ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ìkankan tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà tí wọn kò gbọ́.

Iṣẹ́ tó wà lórí ìkọ́ nígbà náà ni táńkì alùpùpù ti afìwéránṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Orí alùpùpù yìí ló ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pín lẹ́tà, ó sì fẹ́ kó padà sí àwọ̀ ewéko bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún un. Ó máa ń wá yọjú sí i bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Dígí ti fi sáńpépà họ ọ́, ó ti dí gbogbo ojú àpá, ó ti kùn ún, àwọ̀ náà sì ti jókòó. Kílíà ló kù, èyí tó máa ń mú un dán. Kílíà kì í gba ìdúró. Tí ọwọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lákòókò kan náà. Èyí tó bá dúró láàárín, ojú ibi tó dúró sí á hàn títí láé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gáàsì pa, ó kó ìṣáná sápò, ó wọ́n omi sílẹ̀. Ó lọ wo Màmá. Wọ́n ti múra, wọ́n jókòó sétí ibùsùn.

"Mo fẹ́ wọlé o, Màmá. Kílíà ni, mi ò ní lè jáde títí màá fi parí. Ṣé ẹ ò fẹ́ nǹkan kan?"

"Rárá. Lọ ṣiṣẹ́ rẹ."

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde ńkọ́?"

"Mi ò dìde lọ síbì kankan."

Bí ẹ̀rọ atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún tí Dígí sì wọ inú àgọ́, Màmá mú ọ̀pá. Wọ́n fa ẹní abẹ́ ibùsùn jáde, wọ́n ká a, wọ́n fi sábẹ́ abíyá. Wọ́n di ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé wọn. Èèyàn tí kò lè dá lọ ilé ìwẹ̀! Wọ́n dé abẹ́ fèrèsé tí fáànù wà, wọ́n gbé ẹní náà sókè, wọ́n fi wáyà tí wọ́n ń sá aṣọ sí há a mọ́ ẹnu fáànù pinpin. Wọ́n ti rò ó dáadáa lórí ibùsùn. Tí òórùn kò bá ráàyè jáde, aránṣọ kò níí gbọ́ ọ. Tí aránṣọ kò bá gbọ́ ọ, kò níí pe onílé. Iṣẹ́ ọmọ wọn á dúró. Wọ́n sinmi díẹ̀ lára ògiri, wọ́n wá padà sínú ilé, ọwọ́ wọn ti dọ̀tí, wọ́n dúró fọ̀ ọ́ nínú garawa.

Inú àgọ́, Dígí wo òwú pupa. Òwú nà wọ inú dáadáa. Kò mọ̀ pé ó ti lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni: pẹ́ńtì àná ti bà á, ó ti gbẹ mọ́ ara fóòmù, kò lè rọ̀ mọ́ bí ayé ń bàjẹ́ bí ayé ń dára. Ó gbé ìbọn sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ táńkì, ó ń lọ ó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Kílíà ń jókòó bí omi. Inú rẹ̀ ń dùn. Ká sọ òótọ́, kò sí ibòmíràn tí inú ọkùnrin yìí ti máa ń dùn mọ́ bí inú náílọ́nù yẹn.

Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì rí ìkùukùu kílíà tó yẹ kó ti máa lọ. Kò lọ. Ó dúró sáàárín àgọ́, ó ń nípọn. Ó ní bóyá ọwọ́ òun ló pọ̀ jù, ó dín in kù. Ó tún kùn díẹ̀. Nígbà náà ló gbójú kúrò lára táńkì, tó wo ògiri náílọ́nù.

Náílọ́nù kò fa ikùn mọ́ra. Ó wú síta. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ àgọ́ ló wú síta, ó ń mì lẹ́lẹ́.

Ó wo òwú, òwú nà wọ inú. Ó fi ìka kàn án, òwú le gbagidi. Síbẹ̀ ìka rẹ̀ kò kúrò lórí ìbọn, torí ìdajì táńkì ló kù, ọkàn kan sì ń sọ fún un pé kó kọ́kọ́ parí rẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó gbọ́ ti ọkàn yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà, kò fi pamọ́.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn ti kún, ó dá dúró fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ló gbọ́ nǹkan kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: ṣákáṣáká. Páálí ìṣáná. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbọ́ ìró igi ìṣáná tí wọ́n fà, tí kò sì ràn.

Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ìṣáná ilé ìdáná wà níbẹ̀. Ó wá rántí àpò awọ tí Màmá máa ń gbé kọ́ orí ibùsùn, àti àbẹ́là pẹ̀lú ìṣáná tó wà nínú rẹ̀. Nígbàkígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá dín ẹja, Màmá á ní kí wọ́n tan àbẹ́là, pé àbẹ́là máa ń jẹ òórùn.

"Màmá! Ẹ má ṣá a!"

Inú ìbòmú ni ọ̀rọ̀ náà kú sí. Ó gbọ́ ìkejì, kíkì fífà. Ó ju ìbọn sílẹ̀, ó fi èjìká ya náílọ́nù já, igi àgọ́ wó lé e lórí, táńkì afìwéránṣẹ́ já bọ́ láti orí ìkọ́, ó gbá ilẹ̀ gbàù. Kò wẹ̀yìn. Ó fa ìbòmú kúrò lẹ́nu, ó já ilẹ̀kùn ṣí. Ìkùukùu kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ara ògiri ni wọ́n fẹ̀yìn tì, àbẹ́là wà lórí àpótí, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi di igi ìṣáná kẹta mú.

"Òórùn yìí ni mo fẹ́ pa," wọ́n sọ, ohùn wọn sì ti rẹlẹ̀. "Ó ti pọ̀ jù."

Dígí fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọwọ́ wọn tòun ti ìṣáná, ó fún un mọ́lẹ̀ títí igi náà fi ṣẹ́. Ó gbé ìyá rẹ̀ kọ́ èjìká bí àpò, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó gbé wọn jókòó lórí garawa kan tó dojú dé. Wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń wúkọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn ó ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, òun náà ò mọ ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú òun.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó yí ilé ká wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo ti ń kan ilẹ̀kùn iwájú yín, mi ò rí ẹni dáhùn! Gbogbo ilé yín ló ń rùn, títí dé ojú pópó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Dígí gbójú sókè sí fèrèsé, ó sì rí ẹní. Ó dìde, ó wọ́ ọ já. Ìkùukùu tú jáde lé e lójú.

"Ta ló fi ẹní yìí dí fáànù?"

"Èmi ni," Màmá dáhùn. Wọ́n fi ẹnu júwe aránṣọ. "Ó ní òun á pe onílé. Mo ní tí mo bá dí i, òórùn ò ní lọ bá a."

"Ẹ wá jẹ́ kó wọlé bá ara yín? Màmá, ẹ ò rí i pé ó lè pa yín?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kò sí òórùn."

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè. Dígí dúró, ẹní ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo ìgbà tí mo sọ ọ́, o ní kò sí nǹkan kan," Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo wá rò pé àìsàn yìí ti dé orí mi. Mo ní bóyá mo ti ń gbọ́ ohun tí kò sí. Mi ò lè sọ fún ìyàwó rẹ, kó má lọ rò pé orí mi ti dàrú. Ọjọ́ tó gbé aṣọ wá yìí, inú mi dùn. Mo ní, à á, orí mi pé. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ wá bá ẹ pé irọ́ lò ń pa fún mi?"

"Kì í ṣe irọ́, Màmá."

"Kí wá ni?"

Ó wo aránṣọ, ó wo ilẹ̀.

"Mi ò gbóòórùn mọ́. Imú mi ti kú. Kò sí nǹkan kan tí mò ń gbọ́."

Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu. Màmá wo ọmọ wọn, wọ́n wá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Inú kò sì bí wọn.

"Látìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Kí ẹsẹ̀ yín tó dùn yín."

"Ọbẹ̀ mi ńkọ́? Àwọn tó o ní wọ́n ń ta sánsán nígbà tí mo ṣì ń sè é?"

Dígí mi orí pé òun kò gbọ́ ọ. Nígbà náà ni Màmá sunkún. Wọn kò sunkún nígbà tí wọ́n ń wúkọ́, wọn kò sunkún lórí ìṣáná, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló mú wọn sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan wọn, àgbà ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Aránṣọ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó ṣe, ó ní kí wọ́n bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù òun títí atẹ́gùn á fi fẹ́ sínú ilé.

"Mi ò ní pe onílé lónìí," ló sọ bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Ẹ ṣé," Dígí dáhùn.

Ó ṣí gbogbo fèrèsé. Ó wọlé lọ wo táńkì. Ẹ̀gbẹ́ kan ti tẹ̀ wọnú, eruku àti omi ilẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ kílíà tútù. Yóò ní láti họ ọ́ dé irin, kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó sì wo ojú afìwéránṣẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ká náílọ́nù tó ya, ó kó àwọn igi jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò mọ̀ bóyá òun á tún un kọ́. Ohun kan ló dá a lójú, pé òun ò tún ní wọ inú rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹni tó nímú dúró sítòsí, tí Màmá sì wà níbòmíràn.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀, ẹnikẹ́ni kò tan iná ìdáná. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà lápá rẹ̀.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Màmá la ẹnu, wọ́n tún pa á dé, wọ́n wo ọmọ wọn.

"Mi ò mọ̀," Dígí sọ. "Sọ fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Ó wá rí ojú Màmá. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó fa imú, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Tínà ni," ló ní. "Ó pọ̀ gan-an. Ó wà lára aṣọ yín, ó wà nínú irun Màmá."

Dígí na ọwọ́ kan irun ìyá rẹ̀.

"Kí lo tún ń gbọ́?" ló bi í.